Kí ló dé tó fi jẹ́ bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo?

Ẹnìkan bèèrè ìtumọ̀ òwe yìí: "Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n." Ó tún bèèrè bóyá ìlù ni agídìgbo.

Àwọn kan máa ń pe tiwọn ní "ìlù ògìdìgbó", ìlù àtijọ́ sì nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lára agídìgbo ni ìtumọ̀ òwe náà ti hàn sí mi jù.

Kì í ṣe ìlù aláwọ. Àpótí pákó tó nihò lójú ni. Wọ́n á to irin pẹlẹbẹ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i, wọ́n á fi ọ̀pá kan tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ gbọn-in. Ẹni tó ń lù ú á gbé e lé itan, á máa fi ìka ta irin, òrùka ọwọ́ rẹ̀ á sì máa kan ẹ̀gbẹ́ àpótí, kó, kó, kó. Bó bá fẹ́ tún ohùn rẹ̀ ṣe, á fa irin síta tàbí kó tì í wọlé lábẹ́ ọ̀pá. Èyí tó yọ gùn á kùn nísàlẹ̀. Èyí tó kúrú á ké lókè.

Ìsàlẹ̀, àárín, òkè: ohùn èdè wa náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n irin ò ní ètè. Bó bá ta ohùn àárín, tó wá fi tòkè tẹ̀ lé e, kí ló wí? Owó ni? Ilé ni? Àbí ọkọ́? Gbogbo wọn ló bá a mu. Ẹni tó mọ oríkì ẹni tí wọ́n ń kì, tó mọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ni yóò gbọ́ ọ. Nítorí náà, bí àgbà bá pa òwe yìí fún yín, ohun tó ń wí ni pé ọ̀rọ̀ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ní abẹ́, ẹ wò ó.

Ẹ fi àpàlà Haruna Ishola sí i, kí ẹ tẹ́tí sí ìdí orin, lábẹ́ gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Agídìgbo ló ń di orin mú níbẹ̀.

Ní Kúbà, ìbátan rẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní marímbula, orúkọ tó tan mọ́ marimba, ohun èlò orin àwọn Bàǹtú ní Áfíríkà. Òun náà ló ń gbé ìdí orin changüí ní Guantánamo. Àpótí yẹn náà ni, irin yẹn náà ni, àmọ́ èdè Sípéènì kì í fi ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa. Orin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.