Ẹ Bi Wá: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà Sórí Ọrun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ọrun recurve, èyí tí orí apá rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síwájú, tí fífà rẹ̀ gba agbára páùn 45. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n tún ra stabilizer, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n ń so mọ́ ọrun, àti rangefinder, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ibi kan ṣe jìn tó, owó ò sì tó. Ọsán ẹ̀ ti ń hu irun, ó sì ń nà mí lápá. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?
A.K., Òkè-Fìà, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ ná. Stabilizer ń dín gbígbọ̀n ọrun kù lóòótọ́, àmọ́ kò lè kọ́ yín ní ọfà títa. Bí ọfà márùn-ún yín ò bá tíì máa bọ́ sójú àwo oúnjẹ kan láti mítà 18, kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ibi tó jìn ṣe?

Ọsán já, ọrun dọ̀pá. Irun tó ń hù yẹn, ìda ló gbẹ lára ẹ̀. Ẹ ra ìda ọsán, ẹ fi pa ibi tó hurun, kí ẹ wá fi ìka méjì rìn ín lọ rìn ín bọ̀ títí ooru ọwọ́ yóò fi yọ́ ọ wọnú fọ́nrán. Ẹ má pa á sí ibi tí wọ́n fi òwú wé láàárín, níbi tí ọfà ń há sí, kó má baà máa lẹ̀ mọ́ ìka yín. Bí fọ́nrán kan bá ti já, ìda ò ràn án mọ́, ọsán tuntun ni.

Ti ọsán tó ń nà yín lápá: ẹ wọn ààyè tó wà láàárín ọsán àti ibi tó jinlẹ̀ jù níbi ìdìmú. Íńṣì 7 sí 8 ló sábà máa ń jẹ́, àmọ́ ti ìwé ọrun yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Bó bá kéré, ẹ tú ọsán, ẹ lọ́ ọ ní ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin sí i, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ ọrun láti fi ọsán sí i, apá ẹ̀ á lọ́. Stringer, ìyẹn okùn tí wọ́n fi ń tẹ ọrun kí wọ́n tó fi ọsán sí i, ni kẹ́ ẹ lò. Kẹ́ ẹ sì yí ìgbúnwọ́ apá tó di ọrun mú síta díẹ̀.

Lẹ́yìn ìda àti stringer, awọ ìdáàbòbò apá ló kàn, àti awọ ìka. Apó tó bo ẹnu ọfà dáadáa náà ṣe pàtàkì. Irin tó mú bí abẹ, téèyàn bá ṣubú lé e nínú igbó, ẹ̀yìn ẹni ló ń wọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè lọ dán an wò nínú Igbó Ọ̀ṣun?

Ìdáhùn: Rárá o! Èèwọ̀ ni ẹran pípa níbẹ̀, UNESCO sì ti fi igbó náà sára ogún àgbáyé láti 2005. Ẹ lọ sóko ẹni tó bá gbà yín láyè, kẹ́ ẹ ki àkísà sínú àpò ìrẹsì kó le dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e ti òkìtì. Orí ọfà ìdánrawò ni kẹ́ ẹ lò. Èyí tó ní abẹ á fa àpò yẹn ya lọ́jọ́ kan ṣoṣo.