Iná Wo Ló Yẹ Ọkọ̀ Ojú Irin Ìṣeré Àtijọ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi tó ti di olóògbé kó ọkọ̀ ojú irin ìṣeré Lionel kan bọ̀ láti Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1955. Ọkọ̀ náà àti irin mẹ́ta tó ń rìn lórí rẹ̀ ṣì pé pérépéré, ṣùgbọ́n ara wáyà tíránsífọ́mà rẹ̀ ti sán. 115 fólítì àti 60 ni wọ́n kọ sí i lára. Àwọn ọmọ-ọmọ bàbá fẹ́ kí ó tún rìn. Ẹnìkan ní kí n ra ẹ̀rọ tí ń sọ iná di 110 kí n fi síwájú rẹ̀, ẹlòmíràn sì ní ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká yóò gbé e. Èwo ni kí n ṣe?
Òǹkàwé yín, Station Road, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó ki ohunkóhun bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ yín kò bìkítà bóyá tíránsífọ́mà jẹ́ ti àná tàbí ti òní. Irú iná tó dé ojú irin àti bí ó ti pọ̀ tó ni ọ̀ràn rẹ̀. Wáyà ni wọ́n wé sí apá tó dúró àti apá tó ń yí nínú mọ́tò Lionel àtijọ́, kò sí òòfà àìkú nínú rẹ̀, nítorí náà iná AC, irú tó ń lọ tó sì ń bọ̀ bíi ti ilé wa, tí kò ju nǹkan bí 18 fólítì lọ ni ó ń jẹ, tíránsífọ́mà òde òní tó bá sì lè pèsè èyí yóò yí i dáadáa. Ẹ̀rù ọkọ̀ yìí kò bà mí rárá. Tíránsífọ́mà àtijọ́ yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

115 fólítì ni wọ́n ṣe é fún, 230 sì ni ti ilé wa, tí kì í sábàá dúró lójú kan. Bí ẹ bá kì í bọ iná wa ní tààrà, yóò jóná. Ẹ̀rọ tí ń sọ iná di 110 yóò tún ìyẹn ṣe, ṣùgbọ́n kò lè tún 60 tí wọ́n kọ sí i lára ṣe, nítorí pé ìgbà 60 ni iná Amẹ́ríkà ń lọ tó sì ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí tiwa ń ṣe 50. Iná tó lọ́ra báyìí ń mú kí irin inú tíránsífọ́mà gbé agbára òòfà tó fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ooru rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ẹ ro ooru yẹn mọ́ rọ́bà wáyà tó ti gbẹ láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún. Ní tèmi, ẹ fi í pamọ́ fún ìrántí bàbá, ẹ má sì jẹ́ kí wáyà rẹ̀ wà lára ojú irin nígbà tí ẹ bá ń lo òmíràn. Tíránsífọ́mà a máa ṣiṣẹ́ lọ, a sì máa ṣiṣẹ́ bọ̀: iná kékeré tí ẹ fún ojú irin yóò gba ẹ̀yìn wọ inú rẹ̀, yóò di ńlá, yóò sì jáde sí etí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ tó wà nílẹ̀, níbi tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn án.

Ti ṣájà kọ̀ǹpútà ńkọ́? Iná DC ni, irú tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo láìpadà, nǹkan bí 19 fólítì. Mọ́tò yìí yóò yí pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n eré àsápajúdé ni yóò máa sá, nítorí kò sí ohun tí ẹ lè fi dín in kù. Bí ọkọ̀ yín bá sì ní fèrè, fèrè náà kò ní dákẹ́. Ìdí ni pé nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì fèrè lára tíránsífọ́mà àtijọ́, ìwọ̀nba iná DC ni ó ń fi kún AC, DC yẹn ni ẹ̀rọ inú fèrè sì ń dúró dè kí ó tó dún.

Lionel fúnra rẹ̀ ti ta tíránsífọ́mà òde òní kan tó ń jẹ́ CW-80, tó ń pèsè 18 fólítì, ṣùgbọ́n iná Amẹ́ríkà ni ó ń jẹ. Ó tún ń gé iná sí wẹ́wẹ́ kí ó lè dín eré kù, èyí tó máa ń mú kí ẹ̀rọ tí ń yí ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn máa kùn.

Ohun tí mo fara mọ́ jù ni pé kí ẹ lọ bá àwọn tí ń wé kọ́ílì mọ́tò àti sitabiláísà nígboro Òṣogbo. Ẹ ní kí wọ́n wé èyí tí 230 yóò wọ̀, tí 18 fólítì yóò jáde, tó lè gbé 5 amp, kí wọ́n sì yọ ẹnu wáyà sí 8, 10, 12, 14 àti 16 pẹ̀lú. Ẹ tẹnu mọ́ ọn pé kọ́ílì méjì tí kò fara kan ara wọn ni ẹ fẹ́. Wíwé oníkọ́ílì kan tí wọ́n ń lò nínú sitabiláísà lè mú iná ilé dé ojú irin, ó sì lè pa ènìyàn. Bákan náà ni ohun tí a fi ń dín eré fáànù kù. Ẹ fi fíúsì 5 amp tó ń tètè já sí ọ̀nà tó lọ sí ojú irin, nítorí pé bí ọkọ̀ bá yẹ̀ tí irin méjì fẹnu kora, wáyà inú ọkọ̀ lè ti jóná kí ohun ìdáàbòbò tó lọ́ra tó mọ̀.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Gbogbo ìgbà tí iná bá já díẹ̀ ni ọkọ̀ Lionel ń pa ipò dà, láti iwájú sí ìdúró, láti ìdúró sí ẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń yí súwíìṣì tí ẹ fi ń yan ẹnu wáyà láti 10 fólítì sí 12, iná yóò já ní àárín, ọkọ̀ yóò sì dúró. Púpọ̀ nínú wọn ní ọwọ́ kékeré kan lára tí a fi ń ti ẹ̀rọ náà pa. Ẹ tì í nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú. Fèrè kò ní dún pẹ̀lú irú tíránsífọ́mà yìí, mo sì gbà pé ohun ìdùnnú kan ni ìyẹn gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Kí àwọn òǹkàwé tó ní oríṣi mìíràn má ṣe tẹ̀lé ìdáhùn yìí. Irin mẹ́ta ni Hornby Dublo ti ọdún 1938 náà ń rìn lórí rẹ̀, síbẹ̀ 12 fólítì DC ni ó ń jẹ, AC yóò sì ba mọ́tò rẹ̀ jẹ́. Märklin ti Jámánì ń jẹ AC tó tó 16 fólítì, ṣùgbọ́n iná 24 fólítì tó ń wá fìrí lẹ́ẹ̀kan ni ó fi ń yí padà síwájú sẹ́yìn, nítorí náà tíránsífọ́mà tirẹ̀ ni kí a wá fún un.

Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ gbìyànjú, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 8 fólítì. Bí ọkọ̀ bá ń kùn láìrìn, ẹ pa iná kí ẹ tún un tàn, nítorí ó lè jẹ́ pé ipò ìdúró ni ó wà. Bí kò bá tíì rìn lẹ́yìn ìyẹn, mọ́tò ni kí ẹ yẹ̀ wò, kí ẹ má ṣe fi kún iná.