Ẹ̀yin Lẹ Béèrè: Ta Ló Sọ Pé Pitbull Ni?

Lẹ́tà lórí ajá ló pọ̀ jù lọ́tẹ̀ yìí, mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ajá ní Abẹ́òkúta. Mo mú mẹ́ta nínú ẹ̀.

Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì là ń kó ajá tó ń rìn kiri ní Ọ̀báńtokò àti Camp, a ó tọ́jú wọn, a ó wá ẹni tó máa gbà wọ́n. Ọ̀kan wà nílẹ̀ báyìí, abo ni, orí ẹ̀ tóbi, àyà ẹ̀ fẹ̀, irun ẹ̀ kúrú, ó pupa, funfun wà láyà ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi gbé fọ́tò ẹ̀ sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp, ó kọ “Pitbull króòsì” sí i, ìyẹn ni pé àmúlùmálà Pitbull ni, irú ajá òyìnbó tí wọ́n máa ń fi jà. Látìgbà yẹn, àwọn tó ń pè wá ni àwọn tó fẹ́ fi í jà àtàwọn tó fẹ́ kó máa bímọ fáwọn kí wọ́n máa tà á. Àwọn tó lọ́mọ nílé ń sá. Bẹ́ẹ̀ ọmọ lándílọ́ọ̀dù wa máa ń gun ajá yìí lẹ́yìn! Báwo la ṣe lè mọ irú ajá tó jẹ́ gan-an, ká lè kọ òótọ́? *Àbúrò yín, Ọ̀báńtokò.*

Àbúrò mi, ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ò lè fojú lásán mọ̀ ọ́n, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Àwọn tó ń gbowó oṣù lórí iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà gan-an kì í mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí gbé èsì kan jáde láti Fúlọ́rídà: ajá 120 ní ilé ìtọ́jú ajá 4, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ 16 wò wọ́n kí wọ́n sọ irú èyí tí kálukú jẹ́, wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò DNA fún gbogbo wọn, èyí tó ń fi ìran ajá hàn. Ajá 62 ni ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan pè ní irú Pitbull. Nínú gbogbo 120 yẹn, 25 péré ni DNA rí ìran náà nínú ẹ̀. Ibi tó wá burú sí ni pé, nínú àwọn tó ní i lóòótọ́ pàápàá, àwọn òṣìṣẹ́ yẹn fo àwọn kan dá. Tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ tinú mi, àbá lásán ni wọ́n ń kọ sórí káàdì tí wọ́n ń fi sí ẹnu ilé ajá kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2018 wọ́n tún yẹ ajá tó lé ní 900 wò ní Arizona àti San Diego, kò tó 5 nínú 100 tó jẹ́ ojúlówó, gbogbo ìyókù àmúlùmálà ni, òmíràn ní ìran mẹ́ta mẹ́rin lára.

Ìdí tójú fi ń tan èèyàn ni pé jíìnì, ìyẹn àbùdá tí òbí ń fún ọmọ, tó ń ṣètò ìrísí ajá ò pọ̀ rárá. Wọ́n rí i ní 2009 pé jíìnì mẹ́ta péré ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ irun ajá, yálà ó gùn, ó ká, tàbí ó hu irùngbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ajá ní jíìnì tó nǹkan bí 20,000. Torí náà ajá lè mú irun bàbá bàbá ẹ̀ kó má mú nǹkan kan mọ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan, Scott àti Fuller, ti rí irú ẹ̀ tipẹ́, 1965 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde: wọ́n fi Basenji, ajá Kóńgò tó jọ ajá tiwa yìí, etí nàró, ìrù ká, bá Cocker Spaniel, ajá òyìnbó tí etí ẹ̀ gùn tó sì wó sílẹ̀, bímọ, ẹni tí ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ò lè wo ojú ọmọ kó dárúkọ òbí, nígbà táwọn ọmọ yẹn sì tún bímọ láàárín ara wọn, oríṣiríṣi ló ń jáde.

Ti Ọ̀báńtokò tún wá yàtọ̀ o. Ọ̀pọ̀ ajá ìgboro ilẹ̀ Áfíríkà kì í ṣe króòsì ajá òyìnbó kankan, ìran tiwọn ni wọ́n, ó ti wà ńlẹ̀ kí òyìnbó tó kó tiẹ̀ dé. Ajá ìbílẹ̀ náà lè lórí ńlá. Ta ló wá ní kéèyàn máa wá Pitbull kún un?

Ẹ yọ orúkọ yẹn kúrò lórí fọ́tò lónìí. Èmi ò sọ ọ́ láti inú afẹ́fẹ́, wọ́n ti dán an wò: ní 2016 ìwádìí kan fi hàn pé ajá tí wọ́n kọ Pitbull sí lára ń pẹ́ nílé ìtọ́jú ju ajá tó jọ ọ́ dáadáa ṣùgbọ́n tí wọ́n fún lórúkọ míì lọ, ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ilé ìtọ́jú kan ní Orange County ní Fúlọ́rídà sì wá yọ irú ajá kúrò lórí káàdì pátápátá, làwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ajá sí i, tó fi mọ́ àwọn tí wọn ì bá pè ní Pitbull. Ohun tẹ́ ẹ̀yin ti fojú rí ni kẹ́ ẹ kọ: abo ni, kìlò báyìí ló wọ̀n, ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó ń bá ọmọdé ṣeré, bó ṣe ń ṣe tó bá rí ewúrẹ́, bó ṣe ń ṣe tí wọ́n bá sún mọ́ abọ́ oúnjẹ ẹ̀. Orúkọ ìran ò lè sọ ìyẹn fún yín. Nínú ìwádìí ńlá tó jáde ní 2022, wọ́n bi àwọn tó ni ajá tó lé ní 18,000 léèrè, ìran ajá ò ṣàlàyé ju nǹkan bíi 9 nínú 100 lọ nínú ìyàtọ̀ ìwà wọn.

Àwọn oníjà àtàwọn tó fẹ́ fi í bímọ tà yẹn, ẹ jẹ́ kí dókítà yọ ilé ọmọ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, l'Álábàtà ò jìnnà sí yín, lọ́jọ́ kejì ẹ ò ní gbúròó àwọn ọlọ́mọ títà mọ́. Ti àwọn oníjà, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ilé wọn. Ọmọ lándílọ́ọ̀dù yẹn náà, ẹ ní kó sọ̀kalẹ̀ jàre, ajá kì í ṣe ẹṣin.

Ọ̀gá oníwèé ìròyìn, mo ra ọmọ Boerboel, ajá ńlá ilẹ̀ South Africa tí wọ́n fi ń ṣọ́lé, ẹni tó tà á ní ojúlówó ni, ó fi fọ́tò bàbá ẹ̀ hàn mí. Ó ti pọ́dún kan báyìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ rí gbọọrọ, etí ẹ̀ nàró ṣánṣán. Ṣé kí n dá a padà? *Bàbá Ìbejì, Àṣẹ̀rọ̀.*

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Etí Boerboel máa ń wó sílẹ̀ ni, kì í nàró, ìyẹn nìkan ti fẹ́ẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Àmọ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ta ló lè wò ó kó mọ̀? Gbogbo wọn ló máa ń rí rọ́bọ́tọ́. Fọ́tò bàbá ò já mọ́ nǹkan kan, orí fóònù ẹnikẹ́ni ni wọ́n ti lè rí i. Nígbà míì ẹ ní kí wọ́n mú ìyá jáde, kẹ́ ẹ rí i tó ń fún wọn lọ́mú, ẹ wò ó lójú. Tí wọ́n bá ní ìyá wà l'Ékòó, ẹ máa lọ sílé yín. Ẹ lè béèrè owó yín lọ́wọ́ ẹni tó tà á, ẹ̀tọ́ yín ni. Ajá yẹn ńkọ́? Ó ti mọ̀ yín, ó ti mọ àwọn ìbejì, mo sì mọ̀ pé ó máa ń gbó bí àlejò bá dé. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, dókítà ẹranko wo ajá mi, ó ní ó jọ pé ìran Collie, ajá òyìnbó tí wọ́n fi ń da àgùntàn, wà lára ẹ̀, torí náà kí n má jẹ́ kí wọ́n gún un ní ivermectin, oògùn aràn àti kòkòrò ara. Aládùúgbò mi ní irọ́ ni, gbogbo ajá tiẹ̀ ló ń gún. *Ìyá Àánú, Panṣẹ́kẹ́.*

Ìyá Àánú, dókítà yín ló gbọ́n. Ibì kan nìyí tí mi ò ti ní fi ọ̀rọ̀ ìran ajá ṣeré. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní MDR1, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ti irú oògùn bẹ́ẹ̀ padà kó má wọ ọpọlọ. Nínú Collie mẹ́wàá, bíi méje ló ń gbé èyí tó bà jẹ́ lára. Tí wọ́n bá wá fún irú ajá bẹ́ẹ̀ ní ivermectin tó pọ̀, tààrà ló ń lọ sọ́pọlọ. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún aràn ọkàn kéré gan-an ní tiẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ń wo ara yíyún lè fi àádọ́ta ìlọ́po jù ú lọ, ti màlúù tí wọ́n ń rà lọ́jà tí wọ́n ń fà sínú abẹ́rẹ́ láìwọn ajá lórí ìwọ̀n, kò sẹ́ni tó mọ iye tó ń wọlé. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ojú náà ni dókítà yín fi wò ó, òun náà lè ṣì í. Ajá àmúlùmálà tí ò jọ Collie rárá lè ní jíìnì tó bà jẹ́ yẹn, èyí tó jọ ọ́ sì lè máà ní in. Torí ẹ̀ ni kò ṣe yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gún ajá lójú títì. Ẹ béèrè oògùn míì lọ́wọ́ dókítà, ó wà fún eégbọn àti fún ara yíyún, ajá tí MDR1 ẹ̀ bà jẹ́ sì ń gbà á láìsí wàhálà.

Ẹ sọ fún aládùúgbò yín náà: bí ajá ẹ̀ bá gba abẹ́rẹ́ tán, tí ọmọlójú ẹ̀ bá fẹ̀, tí itọ́ ń dà, tí ara ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ ò dúró mọ́, kó má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì o, kó gbé e lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀, kó sì mú ìgò oògùn náà dání.