Ẹ Má Tíì Reset Fóònù Yẹn, Ẹ Jọ̀ọ́

Ẹ kú ìdààmú o. Mo ka ọ̀rọ̀ yín dáadáa: Samsung yín ṣe update lóru, nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tí kéátékà ilé yín fi jẹ́wọ́ pé òun ti gba owó ilé ti pòórá, baba náà sì ti wá ń sẹ́ kanlẹ̀ báyìí. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ reset fóònù náà, ìyẹn kí ẹ nu gbogbo ohun inú rẹ̀ mọ́, kí Google lè dá àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀hún padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ pa Wi-Fi àti data orí fóònù yẹn ná, kí ẹ má sì gbé e fún ẹnjiníà kankan. Ohun tí ojú mi rí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí dòní.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ibi tí nǹkan máa ń fara pamọ́ sí. Nínú Google Messages, ẹ tẹ àwòrán yín tó wà lókè, ẹ wo Archived, ẹ wo Spam & blocked. Bí ìka bá ṣèèṣì fa ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́, inú Archived ló máa ń lọ. Nínú Samsung Messages, Recycle bin wà, ọjọ́ 30 ló fi ń tọ́jú ohun tí wọ́n bá pa rẹ́, nítorí náà òní ni kí ẹ wò ó. Ẹ tún wo áàpù tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù yín nísinsìnyí. Update lè ti yí i padà, Truecaller, áàpù tó ń fi orúkọ ẹni tó ń pè hàn, náà sì máa ń gba ipò yẹn tí èèyàn bá ti gbà fún un. Inú áàpù kọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń gbé. Fóònù ní ibì kan tó ń kó gbogbo rẹ̀ sí, áàpù kàn ń kà á síta fún wa ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè ṣí áàpù kejì kí ẹ bá gbogbo ẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wọ Settings, kí ẹ lọ clear data ohun tí wọ́n ń pè ní Phone and messaging storage, ẹ sá fún un. Ibẹ̀ gan-an ni àtẹ̀jíṣẹ́ wà. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó parí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Owó ṣọ́ọ̀bù ni. Aṣojú onílé gba owó ọdún kan lọ́wọ́ mi, tiránsífà ni mo fi san án, ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun ti rí i, pé àwọn ò ní fi kún owó náà títí ọdún á fi pé. Nígbà tó yá, ojú fóònù mi fọ́. Mo gbé e lọ bá ẹnjiníà, mo sọ ọ́ kedere pé ojú fóònù nìkan ni kó bá mi pààrọ̀. Nígbà tí mo padà lọ gbà á, mo tan án, ó ń bi mí pé èdè wo ni mo fẹ́ lò, bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí. Ó ti reset ẹ. Ó ní ó ń fà, òun wá bá mi flash ẹ, ìyẹn ni pé òun tún software inú rẹ̀ gbé sí i. Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Kò tiẹ̀ tọrọ àforíjì. Ó ní ọ̀gá òun ní software tó ń hú àtẹ̀jíṣẹ́ jáde, kí n ṣáà wá owó wá. Mo san án. Ọ̀gá náà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ìlà kan ń rìn lọ lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àmì ìràwọ̀ (***) ló bo ọ̀rọ̀ tó wà nídìí wọn. Ó ní kí ìràwọ̀ náà tó ṣí, mo gbọ́dọ̀ san owó láísẹ́ǹsì. Mo tún san án. Nígbà tó ṣí, kí ni mo bá? Ìpolówó data. Ìkíni ọjọ́ ìsinmi láti báńkì. Gbogbo ohun tó wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti reset fóònù! Ohun tó wà lórí fóònù lọ́wọ́lọ́wọ́ ló ń kà fún mi, tó ń pè é ní èyí tó hú jáde. Ó mọ̀. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ yẹn jẹun kò lè ní òun ò mọ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò là yé mi nígbà yẹn nìyí. Fóònù tó bá jáde pẹ̀lú Android 10 sókè, láti 2019, gbọ́dọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ti ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ pa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣáájú náà sì ń ṣe é. Bí wọ́n bá reset rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ń sọ nù, ohun tó ṣẹ́kù sórí mẹ́mórì kò ṣeé kà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọn ò bá reset ẹ, tó jẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ni wọ́n pa rẹ́, ó ṣì lè wà nínú fáìlì tí fóònù ń kọ ọ́ sí, títí nǹkan tuntun á fi gba àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n áàpù tí ẹ wà jáde lórí Play Store kò lè dé ibẹ̀. Àfi kí wọ́n root fóònù, ìyẹn kí wọ́n gba àṣẹ pátápátá lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bootloader (ohun tó ń darí bí fóònù ṣe ń tan) tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí kí wọ́n tó root ẹ á nu gbogbo fóònù náà mọ́. Áàpù tó bá ní òun á hú u jáde láìsí wàhálà kankan, owó yín ló ń wá, tàbí kó máa ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ yín tó kù.

Ẹ má sì yọ SIM sínú fóònù mìíràn pé bóyá ó máa gbé e wá. Àwọn fóònù kékeré àtijọ́ ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ sórí SIM. Ní ti SIM yìí kan náà, bí ẹ bá máa fi fóònù sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tún ṣe, ẹ yọ ọ́ lọ sílé. OTP báńkì yín orí rẹ̀ ló ń wọlé sí, mo sì mọ ẹni tí wọ́n ti ibẹ̀ kó owó rẹ̀ lọ.

Mo tún dé ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi. Mo tò títí. Nígbà tó kàn mí, ẹni tó wà níbẹ̀ ò gbójú sókè, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, kí n padà wá. Mo padà lọ. Òmíràn ní kí n lọ gba ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá, kí n sì lọ búra ní kóòtù, pé bí àwọn bá ti rí i, àwọn á tẹ gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ jáde fún mi. Mo ṣe gbogbo ẹ̀, mo san owó gbogbo ẹ̀, mo kó ìwé dé. Ọkùnrin kan wò ó fìrí, ó ní àwọn kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ inú àtẹ̀jíṣẹ́. Kí ló dé tí ẹni àkọ́kọ́ ò sọ bẹ́ẹ̀? Òfin Cybercrimes ti 2015 (òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì), abala 38, ní kí wọ́n máa tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ọdún 2, àmọ́ bí ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe rìn ni àkọsílẹ̀ náà: nọ́ńbà wo ló fi ránṣẹ́ sí èwo, ní aago mélòó. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò sí níbẹ̀. Èyí tó wà náà, ọ̀nà òfin ni lọ́yà yín máa gbà kí wọ́n tó yọ ọ́. Bí wọ́n bá ń fi yín ṣeré, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni kí ẹ pè lórí 622, wọn kì í gba owó ìpè.

Níbo wá ni tèmi ti jáde? Lórí fóònù àtijọ́ mi tí mo ti fún àbúrò mi ní Ọ̀fà. Nígbà tí mo ra èyí tí ojú rẹ̀ padà fọ́ yẹn, ẹ̀dà àtẹ̀jíṣẹ́ ni mo gbé kọjá sórí rẹ̀, ojúlówó rẹ̀ ṣì wà lórí èyí tí mo fi sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó reset ẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń lo fóònù tí ẹ ti lò rí. Ẹ tún lọ gba stétímẹ́ǹtì ní báńkì, kí ẹ sì wo ímeèlì yín, àlẹ́ẹ̀tì máa ń wọ ibẹ̀ náà. Lọ́yà mi ní bí mo bá ń ya àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́, kí nọ́ńbà aṣojú onílé náà hàn, kì í ṣe orúkọ tí mo fi pamọ́ nìkan, kí ọjọ́ àti aago sì hàn. Ó tún kọ ìwé ẹ̀rí tí abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè fún ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde. Láìsí ìwé yẹn, agbẹjọ́rò ẹnì kejì á ní kí wọ́n dà á nù.

Ní ti Google tí ẹ béèrè. Backup Google, ìyẹn ẹ̀dà ohun inú fóònù tí Google ń tọ́jú sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń kó àtẹ̀jíṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí èèyàn bá ń ṣètò fóònù tuntun tàbí èyí tí wọ́n reset nìkan ló ń dá a padà. Ẹ ò lè ṣí i kà. Backup tuntun sì ń rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Bí fóònù bá ti ṣe òmíràn lẹ́yìn tí àtẹ̀jíṣẹ́ pòórá, òfìfo ló máa gbé sókè, ìdí tí mo fi ní kí ẹ pa Wi-Fi nìyẹn. Ẹ má pa backup fúnra rẹ̀ nínú Settings o, ó lè pa èyí tó wà lókè rẹ́. Ẹ fi kọ̀ǹpútà wọ Google Drive, ẹ wo Backups, ọjọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá ṣáájú update, ẹ wá fóònù mìíràn tí kò sí nǹkan gidi lórí ẹ̀, tí Android rẹ̀ kò kéré sí tiyín, ẹ reset ìyẹn, ẹ fi Gmail yín wọlé, ẹ sì yan backup Google tó ti orí Samsung yín wá. Tiyín á wà bó ṣe wà. Bí ẹ bá sì ti ń ṣe backup sórí Samsung account tẹ́lẹ̀, Accounts and backup wà nínú Settings, Restore data wà níbẹ̀, èyí kò nílò reset rárá.

Kí ẹ tó bá kéátékà jà, ẹ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ sí i: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Lórí owó ilé tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni mo lè wá gba rìsíìtì?" Ẹ kọ iye owó náà àti ọjọ́ tí ẹ san án sínú rẹ̀. Ohun tó bá fi dáhùn, ẹ ya àwòrán rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fọkàn tán. Ọjọ́ tí ẹ bá bá lára backup yẹn, ẹ jẹ́ kí n gbọ́, kí n lè mọ ohun tí mo máa sọ fún yín tẹ̀lé e.