Èsì: Iná ọ́ìlì ń tàn bí mo bá ń gun òkè

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní iná ọ́ìlì (iná ìkìlọ̀ tó wà níwájú awakọ̀) máa ń tàn bí ọkọ̀ yín bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, á sì kú bí ẹ bá dé ibi tó tẹ́jú. Ó jọ pé ọ́ìlì ti dín ni. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni pọ́ǹpù ti ń fà á lọ sára kráǹkì àti kámù, àwọn irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Bó bá kéré, tí ọkọ̀ gbé imú sókè, ọ́ìlì á ṣàn sẹ́yìn, pọ́ǹpù á wá máa fa atẹ́gùn. Ọ́ìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín kráǹkì àti bíárìn (ibi tí kráǹkì jókòó lé tó ti ń yí) ni kò jẹ́ kí irin máa ha irin. Bó bá gbẹ, kì í pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń nọ́ọ̀kì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rọra gùn ún dókè! Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì.

Bó bá tutù díẹ̀, níbi tó tẹ́jú, ẹ fa gééjì (irin gígùn tí a fi ń wọn ọ́ìlì) yọ, ẹ nù ún, ẹ kì í bọ̀ ọ́ padà, kí ẹ tún fà á. Àárín àmì méjèèjì tó wà lára rẹ̀ ni kí ọ́ìlì wà. Ẹ má rọ ọ́ kọjá àmì òkè o, torí kráǹkì á lù ú títí á fi hó bí ọṣẹ. Bó bá pé tí iná ṣì ń tàn, kí mekáníìkì yẹ pọ́ǹpù àti séńsọ̀ tó ń tan iná náà wò.