Ìbéèrè Yín: Kílò abi Newton?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. SS1 ni mo wà, Mushin là ń gbé. Tíṣà fíṣíìsì wa ní máàsì yàtọ̀ sí wéètì, ṣùgbọ́n kílò náà ni wọ́n fi ń wọn gbogbo nǹkan lọ́jà, èwo ni ká wá gbà?

Ìdáhùn: Àbúrò, òótọ́ ni tíṣà ẹ sọ jàre. Wo àpò ìrẹsì kílò 50 lórí alábàárù. Bí ìrẹsì tó wà nínú ẹ̀ yẹn ṣe pọ̀ tó ni máàsì, tí wọ́n bá gbé e dé orí òṣùpá kílò 50 náà ni (àfi tẹ́nì kan bá bù ú lójú ọ̀nà). Wéètì ni bí ilẹ̀ ayé ṣe ń fà á wálẹ̀, òun gan-an ló ń dun alábàárù lọ́rùn, newton la sì fi ń kà á. Nǹkan bíi newton 10 ni ilẹ̀ ayé fi ń fa kílò kan, torí náà 50 lọ́nà 10, ó di newton 500. Lórí òṣùpá, fífà yẹn ò ju ìdá kan nínú mẹ́fà lọ, nǹkan bíi newton 83, ẹ̀rín ni alábàárù á máa rín lọ. Òṣùwọ̀n onísípíríńgì tó ò ń rí lọ́jà, wéètì ló ń fa sípíríńgì ẹ̀, àwọn tó ṣe é ló ti bá wa ṣírò ẹ̀ kí wọ́n tó kọ kílò sójú ẹ̀. Nínú ìdánwò ṣá, tí wọ́n bá ní kó o wá wéètì, má kọ kg sẹ́yìn ìdáhùn ẹ o, N (newton) ni.