Mo fọwọ́ rá ọjà ní súpámákẹ́ẹ̀tì nígbà kan rí: ṣé sàárà tó láti fi ṣe túúbá?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù aleikum, Àáfà. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga n'Ìbàdàn, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fọwọ́ rá nǹkan ní súpámákẹ́ẹ̀tì: mílíìkì alágolo, ìpara, ọṣẹ. Abẹ́ híjáàbù la máa ń tì í sí. Mo ti túúbá, mo sì ń ṣe sàárà nínú gbogbo Ràmàdáànì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ọkọ mi ní ó ti tán nìyẹn, pé olówó ńlá ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, kò lè mọ̀ ọ́n lára. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé dandan ni kí n lọ jẹ́wọ́? Ṣé ọ̀kan náà sì ni èmi àti ẹni tó ń fọ́lé onílé?

ÌDÁHÙN: Wa aleikumu sàláàm, arábìnrin mi. Ẹni tí agolo mílíìkì kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ìgbàgbọ́ wà láyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n túúbá yín kò tíì pé, n kò sì ní fi ẹnu dídùn tàn yín jẹ.

Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà láàárín ẹrú àti Olúwa rẹ̀ nìkan, kí ó fi í sílẹ̀, kí ó kábàámọ̀, kí ó sì pinnu pé òun kò ní padà sí i. Bí ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì bá wọ̀ ọ́, ó di dandan kí ó dá nǹkan oní-nǹkan padà. Sàárà kò lè rọ́pò èyí nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tẹ ẹni tó ni ín. Gbèsè lẹ jẹ Táyé, Kẹ́hìndé lẹ wá ń san án fún.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun Khaybar. Ẹrú kan tó ń jẹ́ Mid'am ń sọ ẹrù kalẹ̀ fún Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nígbà tí ọfà kan ṣàdédé bà á, ó sì kú. Àwọn ènìyàn ní Àlùjánnà ti di tirẹ̀. Ànábì ní rárá, pé aṣọ ìbora tó mú nínú ọrọ̀ ogun kí wọ́n tó pín in ń jó lára rẹ̀ bí iná. Bí ọkùnrin kan ti gbọ́ èyí, ó yára mú okùn bàtà kan tàbí méjì wá. Ànábì ní okùn bàtà iná ni. Ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim. Odindi ọmọ ogun ló ni ọrọ̀ yẹn, kò sí ẹni tí ìbá mọ okùn bàtà kan lára níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọkọ yín kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa ló sì wà tó jẹ́ pé bí ọjà bá dín, owó oṣù ọmọ tó ń tajà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹ máa ṣàdúà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Kò pọn dandan kí ẹ jẹ́wọ́. Ànábì sọ pé gbogbo ìjọ òun ló wà nínú àmójúkúrò, àfi ẹni tí Ọlọ́hun bò láṣìírí mọ́jú tó wá ń fẹnu ara rẹ̀ tú u síta. Ẹ fi owó náà ránṣẹ́ sínú àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù náà, tàbí kí ẹ fi í sínú àpòòwé, kí ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán bá yín fún olówó, kó ní, "Ẹnì kan tó jẹ yín lówó ló ní kí n fún yín." Ẹ má fi lé ọwọ́ ẹni tí yóò tì í sápò ara rẹ̀. Ti iye rẹ̀, ohun tó bá ní irú rẹ̀ lọ́jà, irú rẹ̀ ni à ń dá padà. Ẹ ro náírà ìgbà yẹn àti ti òní wò: owó tó lè ra agolo mílíìkì kan náà lónìí ni kí ẹ san. Bí iye rẹ̀ bá rú yín lójú, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Bí olówó bá ti kú, ti àwọn ajogún rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti kó lọ, tẹ́ ẹ wá wọn títí tẹ́ ẹ ò rí wọn, ìgbà yẹn ni sàárà tó dé, lórúkọ olówó. Bẹ́ẹ̀ ni Ibn Mas'ud, sàhábà Ànábì, ṣe nígbà tó wá ẹni tó jẹ lówó fún ọdún kan tí kò rí i.

Ti ẹni tó ń fọ́lé, haramu ni méjèèjì, ìdájọ́ wọn nílé ayé ló yàtọ̀. Súrà Al-Má'ídà, áyà 38, pàṣẹ gígé ọwọ́ olè, ṣùgbọ́n Ànábì ní ohun tó jí kò gbọdọ̀ dín ní ìdámẹ́rin dínárì, wúrà tó lé díẹ̀ ní gíráàmù 1. Ó tún gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n jí níbi tí olówó fi í pamọ́ sí. Ẹni tó já kọ́kọ́rọ́ wọlé ti já ààbò yìí. Ní ti ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún pé kó wọlé wá rajà, àwọn onímọ̀ mádíhábù Hánáfì (ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin Ìsìláàmù) ní wọn kò ní gé ọwọ́ rẹ̀, àlùkáádì lè jẹ ẹ́ níyà mìíràn. Lọ́dún ìyàn, kálífà Umar kò gé ọwọ́ olè. Ọwọ́ aláṣẹ nìkan sì ni ìdájọ́ yìí wà. Àwọn tó ń fi táyà bọ olè lọ́rùn ládùúgbò wa, ìpànìyàn ni wọ́n ń ṣe, Ànábì sì ti sọ pé Ọlọ́hun nìkan ló ń fi iná jẹni níyà.

Bí owó kò bá tíì pé lọ́wọ́ yín, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì kọ ìyókù sínú ìwé wàsíyà yín lálẹ́ òní: iye tó kù àti ẹni tó ni ín. Ẹ má kọ bó ṣe jẹ́. Gbèsè ni kí ẹ pè é, kí àwọn ọmọ yín lè rí i san. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.